Ibi tí ẹsẹ̀ ti kanlẹ̀: ìrírí mi nídìí àtinúdá orin jáàsì

Mo ti mọ mode méjèèje (oríṣi sikéèlì, ìyẹn ìtò nóòtì) lórí key méjèèjìlá (nóòtì tí orin fi ṣe do) kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi fèrè sọ̀rọ̀. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ní Èkó ni ọ̀rọ̀ náà hàn sí mi kedere, ní ibì kan táwọn olórin máa ń kóra jọ sí láti ṣeré jáàsì. Ẹni tó bá wù lè gbé ohun èlò rẹ̀ dìde kó dá sí i. Mo ti fi oṣù mẹ́ta gbáko múra sílẹ̀ fún alẹ́ yẹn. Nígbà tó kàn mí, mo gbé alto saxophone mi sẹ́nu, mo sì ń da nóòtì sílẹ̀ bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò bá kọ́ọ̀dù (àwọn nóòtì tó ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) mu, torí mo ti ṣírò gbogbo rẹ̀ nílé. Àmọ́ bí mo ṣe ń fọn ún lọ, mo rí i pé àwọn tó jókòó níwájú ti padà sídìí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Nígbà tí mo jókòó, ẹ̀gbọ́n tó ń ta gìtá béèsì, tí wọ́n fi nǹkan bí ogún ọdún jù mí lọ, fara sún mọ́ mi, wọ́n ní: "Àbúrò, gbogbo ohun tó o sọ ló tọ̀nà. Ta lo ń bá sọ ọ́?"

Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Bí mo ṣe wá ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, torí mo ń pàdé àwọn ọ̀dọ́ olórin ìjọ lójoojúmọ́ tí wọ́n wà níbi tí mo wà nígbà náà, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ kára, tí wọ́n sì rò pé mode kan tó kù táwọn ò tíì mọ̀ ló ń dí àwọn lọ́wọ́.

Inú ìjọ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ní Ìbàdàn. Tonic sol-fa la fi ń kọ́ orin nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Olùdarí á kọ ọ́ sójú pátákó, à á kọ́kọ́ fi sol-fa kọ ọ́ títí á fi dá wa lójú, lẹ́yìn náà la ó tó fi ọ̀rọ̀ sí i. Mo ti ń ka do re mi lójú oorun kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka nóòtì lórí ìlà márùn-ún. Nígbà tí àbúrò bàbá mi ra alto tòkunbọ̀ fún mi, sol-fa yẹn ni mo gbé wọnú rẹ̀. Ìjọ sì kọ́ mi ní nǹkan ńlá kan tí mi ò mọyì rẹ̀ nígbà náà, pé kí n máa gbọ́ orin ní nọ́ńbà, one, four, five, ní key yòówù tí ẹni tó ń lé orin bá gbé e sí. Alto tún ní ìṣirò tirẹ̀. Bí atẹdùùrù bá wà ní C, A ni tèmi. Bó bá wà ní F, D ni mo máa fọn. (Kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú, gbogbo nóòtì tí mo bá dárúkọ níbí, bó ṣe wà lórí dùùrù ni mo fi pè é.)

Jáàsì wọ̀ mí lára nígbà tí iṣẹ́ gbé mi dé Èkó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìmọ̀ rẹ̀ kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun àkọ́kọ́ tí mo sì bá pàdé ni mode. Àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe lórí rẹ̀ kò le. Tẹ àwọn funfun ara dùùrù láti do dé do, Ionian nìyẹn. Bẹ̀rẹ̀ láti re dé re, Dorian. Mi dé mi ni Phrygian, fa dé fa ni Lydian, so dé so ni Mixolydian, la dé la ni Aeolian, ti dé ti ni Locrian. Mo kọ wọ́n sára páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ibùsùn mi, mo sì ń fọn wọ́n láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, lókè lódò, títí ìka mi fi ń dá a ṣe.

Àlàyé yẹn tọ̀nà, síbẹ̀ òun ló ṣì mí lọ́nà fún ọdún kan àtààbọ̀. Ẹ wò ó. Àwọn kọ́ọ̀dù mẹ́ta kan wà tí wọ́n máa ń tẹ̀ lé ara wọn nínú jáàsì ṣáá, Dm7, G7, Cmaj7. Ohun tí mo kà ni pé kí n fọn D Dorian sórí èkíní, G Mixolydian sórí èkejì, C Ionian sórí ẹ̀kẹta. Mò ń yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mẹta, nóòtì méje kan náà ni mo sì ń fọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí nǹkan kan nínú fèrè mi tó ń sọ fún olùgbọ́ pé kọ́ọ̀dù ti yí padà. Béèsì àti dùùrù nìkan ló ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi, èmi sì ń sáré kọjá lórí wọn bí ọ̀kadà tí kò rí iná pupa.

Mo gba nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n yẹn, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ní kí n máa wá sílé wọn ní Sùúrùlérè lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, mo ti to fèrè mi pọ̀ tán kí wọ́n tó ní kí n dá a padà sínú àpótí rẹ̀. Dùùrù oníná kan wà ní pálọ̀ wọn, méjì nínú àwọn dúdú ara rẹ̀ ò dún mọ́. Wọ́n ní kí n jókòó sápá ọ̀tún, àwọn fúnra wọn jókòó sápá òsì. "Tẹ èyí tó bá wù ẹ́. Má ṣáà fọwọ́ kan dúdú."

Wọ́n tẹ D àti A nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n jẹ́ kó máa dún lọ. Èmi náà ń tẹ funfun kiri lókè, mi ò wá nǹkan kan pàtó. Ó dún bí ìrọ̀lẹ́, bí ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ tí ọ̀rọ̀ ò sì tíì tán lẹ́nu àgbà. Láìsọ fún mi, wọ́n gbé ọwọ́ òsì kúrò níbẹ̀ lọ sórí F àti C. Mi ò yí ohun tí mò ń tẹ̀ padà rárá, ṣùgbọ́n àfi bí ẹni pé ojúmọ́ mọ́ nínú pálọ̀ yẹn. B tí mo ti ń gbà kọjá láìkà á sí wá dìde dúró bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Wọ́n tún gbé ọwọ́ lọ sórí E, ilé ṣú. F tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ E pẹ́kípẹ́kí wá ń gún mi létí.

"Kí lo yí padà?"

"Mi ò yí nǹkan kan padà, sà."

"Èmi ni mo yí ilé padà fún ẹ."

Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo ti ń pe mode ní sikéèlì tó bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíì, bẹ́ẹ̀ ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ibi tí etí gbà pé ó jẹ́ ilé ni. Béèsì ló máa ń fi ilé hàn, àwọn mẹ́fà tó kù á sì máa wo ojú ilé yẹn, kálukú pẹ̀lú ìwà tirẹ̀. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: lẹ́tà kan náà ni, kò sì sí Yorùbá tó máa sọ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, a lo wákàtí kan lórí nóòtì kan ṣoṣo. D minor tí gbogbo wa mọ̀ ní ìjọ ní B♭ nínú. Dorian fi B sí ipò rẹ̀, ìyàtọ̀ wọn ò sì ju ìdajì ohùn lọ. Ẹ̀gbọ́n á tẹ Dm7, èmi á tẹ A, B♭, A. Lẹ́yìn náà, A, B, A. Èkíní ń sunkún. B♭ ò lè dá dúró, dandan ni kó padà sórí A. Èkejì ò sunkún. B dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà níwájú. Wọ́n ní kí n máa fẹnu kọ méjèèjì títí n ó fi lè mú èyí tí wọ́n bá béèrè láìtẹ dùùrù. Ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà mí. Ẹni tó bá lè fẹnu kọ nóòtì kan yẹn ti mọ Dorian ju èmi tí mo ń fọn ọ́n lórí key méjìlá láìgbọ́ ọ lọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni "So What" ti Miles Davis, olórin jáàsì ará Amẹ́ríkà, òun nìkan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Orin yìí ló ṣáájú nínú Kind of Blue, àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní New York ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ọdún 1959. Bar 32 ni àyípo rẹ̀ (ìkanlẹ̀ ẹsẹ̀ mẹ́rin ni bar kan): 16 lórí D Dorian, 8 lórí E♭ Dorian tó fi ìdajì ohùn ga jù ú lọ, 8 tó padà sórí D. Ó tán. Paul Chambers ló ń fi béèsì gbé orin náà, àwọn tó kù á sì fi kọ́ọ̀dù méjì dá a lóhùn, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fara balẹ̀ gbọ́ ọ, inú mi dùn gan-an, torí lílé àti ègbè ni. Ohun tí a ń ṣe ní ìjọ, tí wọ́n ń ṣe níbi ìgbéyàwó, ló wà níbẹ̀.

Ó ní ìdí tí wọ́n fi kọ orí sí ọ̀nà yẹn. Láti ìgbà Charlie Parker àti Dizzy Gillespie ní àwọn ọdún 1940 ni kọ́ọ̀dù ti ń pọ̀ sí i nínú jáàsì, nígbà míì méjì nínú bar kan, pẹ̀lú eré sísá. George Russell, onímọ̀ orin jáàsì, ti ń sọ fáwọn olórin láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 pé sikéèlì náà lè gbé orin ró, kì í ṣe ìtò kọ́ọ̀dù nìkan. Miles fẹ́ àyè. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni John Coltrane. Òun ló fọn tenor saxophone nínú "So What", nínú oṣù karùn-ún ọdún 1959 yẹn kan náà ló sì gba "Giant Steps" sílẹ̀, orin tí kọ́ọ̀dù rẹ̀ ń sáré láàárín B, G àti E♭ débi pé apá ọ̀pọ̀ olórin kì í ká a títí dòní. Ọkùnrin kan náà, ọdún kan náà, ó wọ ilé méjèèjì.

Mo rò pé ti Miles ló máa rọrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kọ́ọ̀dù bá ń yí padà, ìyípadà yẹn á máa bá ọ gbé ìtàn lọ. O lè sá sábẹ́ rẹ̀. Bí kọ́ọ̀dù kan bá dúró fún bar 16, kò sí ibi tí o lè sá sí. Ohun tí o bá gbé wá ni wọ́n máa gbọ́. Ìṣòro mi kejì ni pé mo máa ń sọnù. Ìgbà míì, gbogbo ẹgbẹ́ á ti gbéra lọ sórí E♭, èmi á ṣì wà lórí D. Mo gbìyànjú láti máa ka bar lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka owó kò lè máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n ní kí n máa fi ọkàn kọ ohùn béèsì ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń fọn fèrè, bí ẹni tó ń gbọ́ ègbè lẹ́yìn ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kò gbà. Ọjọ́ tó gbà, bar 17 dé, ìka mi sì ti wà níbẹ̀ kí n tó rò ó.

Òfin kan tún wà tó dùn mí nígbà náà. Wọ́n fún mi ní nóòtì mẹ́ta péré, D, F, A, wọ́n ní kí n fi ṣe sólò odindi àyípo kan. Bí mo bá fọn fún bar méjì, kí n dákẹ́ fún bar méjì. Dídákẹ́ yẹn ló nira jù. Àyà mi á máa já, bí ẹni pé wọ́n ti mú mi lólè. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni mo wá ń gbọ́ ohun tí onílù ń ṣe nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Kí n padà sórí kọ́ọ̀dù mẹ́ta yẹn, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó wúlò fún mi jù. Ẹ jẹ́ ká fi sol-fa sọ ọ́, kí C jẹ́ do. Dm7 ni re fa la do. G7 ni so ti re fa. Cmaj7 ni do mi so ti. Nínú kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, nóòtì kẹta àti ìkeje ló ń sọ irú ẹni tí kọ́ọ̀dù náà jẹ́. Béèsì ti mú èkíní, ìkarùn-ún ò sì ní ohun púpọ̀ láti sọ. Ẹ wá wo ìrìn wọn. Láti Dm7 sí G7, do sọ̀kalẹ̀ sórí ti, fa dúró sójú kan. Láti G7 sí Cmaj7, fa sọ̀kalẹ̀ sórí mi, ti dúró sójú kan. Ìdajì ohùn péré ni ẹnì kan ń gbé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kọ́ọ̀dù sì yí padà pátá. Mo fọn do, ti, ti. Mo fọn fa, fa, mi. Nóòtì gbọọrọ ni mo fi ń fọn ọ́n, láìsí àṣehàn kankan, Ẹ̀gbọ́n sì pa dùùrù tì. Mo gbọ́ kọ́ọ̀dù nínú fèrè mi nìkan, nínú nóòtì kan lẹ́ẹ̀kan. Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbé ìlà méjì yẹn yí key méjèèjìlá ká, mi ò sì tíì rí oṣù mẹ́ta tí mo ná dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ nídìí orin.

Síbẹ̀, bí mo bá ti sáré díẹ̀, ọ̀rọ̀ á tún dàrú. Mo gba ara mi sílẹ̀ lórí fóònù, mo gbé e lọ fún Ẹ̀gbọ́n. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n tún un gbé sí i, wọ́n wá ń fi bàtà kanlẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí n máa sọ nóòtì tó bọ́ sí àkókò kan náà pẹ̀lú bàtà yẹn.

Ẹ bá mi ká a, kí ẹ máa fẹsẹ̀ kanlẹ̀ bí ẹ ṣe ń kà á. Nóòtì méjì sí ìkanlẹ̀ kan, ọ̀kan nígbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀, ọ̀kan nígbà tó bá wà lókè. G7 ni kọ́ọ̀dù, à ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti orí so tó wà lókè: so fa, mi re, do ti, la so. Àwọn wo ló bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀? So, mi, do, la. Ẹ tò wọ́n: la do mi so. Am7 nìyẹn! Mixolydian tí mo fọn ò ní àṣìṣe kankan nínú, síbẹ̀ kọ́ọ̀dù ẹlòmíì ni mò ń pè sí etí olùgbọ́, nígbà tí dùùrù ń pe G7. Ẹ wá ki nóòtì kan bọ àárín so àti fa, èyí tí tonic sol-fa ń pè ní fe, F♯ lórí dùùrù. So fe, fa mi, re do, ti la. Àwọn tó bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ báyìí ni so, fa, re, ti. G7 gan-an ni, kò lé, kò dín.

Ẹ wò ó dáadáa. Fe kò sí nínú G Mixolydian rárá. Nóòtì tó jẹ́ àlejò nínú mode ló jẹ́ kí mode náà jókòó síbi tó yẹ. Àwọn tó ń kọ́ni ní jáàsì ń pè é ní bebop scale, mo sì ti rí orúkọ yẹn lára páálí mi rí, lábẹ́ Locrian, láàárín àwọn sikéèlì mẹ́tàdínlógún mìíràn, láìmọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọ́ mode gbọ́. Nóòtì tó tọ̀nà tí kò bọ́ sí àkókò tó tọ̀nà, etí ò ní gbà á. Èyí tí kò tọ̀nà rárá, bí ẹsẹ̀ bá wà lókè nígbà tó dún, tí èyí tó tẹ̀ lé e sì kanlẹ̀ síbi tó yẹ, adùn ni.

Ìbéèrè Ẹ̀gbọ́n ṣì wà ńlẹ̀ o: ta lò ń bá sọ ọ́? Ohun tó dá a lóhùn fún mi kò sí nínú ìwé ìmọ̀ orin kankan tí mo kà. Níbi ìgbéyàwó ìbátan wa kan ní Ìbàdàn ni, onígángan kan rí ìyá mi lókèèrè, ó sì kí wọn. Kò la ẹnu. Gángan ló fi kí wọn, wọ́n sì dá a lóhùn, wọ́n ṣí báàgì. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àwo jọ̀lọ́ọ̀fù lọ́wọ́, mo ń rò ó pé ohùn mẹ́ta péré ni ọkùnrin yìí ní, ìsàlẹ̀, àárín, òkè, èèyàn sì gbọ́ ọ yé láàárín ariwo yẹn.

Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, dò, re, mí ni wọ́n fi kọ́ wa ní àmì ohùn. Mo délé, mo mú gbólóhùn kan tó rọrùn: "Ẹ káàbọ̀." Ohùn àárín, ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ méjì. Mo fi re ṣe ìsàlẹ̀, fa ṣe àárín, la ṣe òkè lórí Dm7, ó di fa la re re. Nígbà tí G7 dé, mo fi ti ṣe ìsàlẹ̀, re ṣe àárín, fa ṣe òkè: re fa ti ti. Lórí Cmaj7: mi so do do. Gbólóhùn kan náà ni, ó gba ojú kọ́ọ̀dù mẹ́ta kọjá, ó sì ń yí aṣọ padà bó ṣe ń lọ. Mo fọn ọ́n bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ lẹ́nu, "káà" tó fà díẹ̀, "bọ̀" tó jókòó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tó jáde nínú fèrè mi ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, ó sì ń retí ìdáhùn. Mi ò sọ pé kí gbogbo èèyàn máa fi Yorùbá fọn saxophone. Fèrè ò sí lábẹ́ àmì ohùn, ó lè ṣe ohun tó wù ú. Mo kàn nílò gbólóhùn tí mo ti ń sọ láti kékeré kí n tó mọ ohun tí gbólóhùn jẹ́ nínú orin.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ yìí kí n má mẹ́nu kan Babatunde Olatunji. Ọmọ Àjídò ni, lẹ́bàá Badagry. Ó lọ sí Morehouse College ní Atlanta ní 1950, ó wá di ẹni tó gbé ìlù wa dé etí Amẹ́ríkà. Àwo rẹ̀ Drums of Passion jáde ní 1960. Coltrane sọ orin kan ní "Tunji" nítorí rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1967, inú ilé tí Olatunji dá sílẹ̀ ní Harlem fún àṣà Áfíríkà ni Coltrane ti ṣeré kan tí wọ́n gbà sílẹ̀, ó sì kú ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà. Nígbà tí mo mọ èyí, ara mi tù mí. Ọ̀nà tí mò ń tọ̀ láti gángan dé Dorian, àwọn àgbà ti rìn ín láti ìhà kejì òkun. Fela náà ẹ̀wẹ̀, ó lọ kọ́ orin ní London ní 1958, jáàsì àti highlife ló sì fi Koola Lobitos ṣe kó tó dé orí Afrobeat, níbi tí kọ́ọ̀dù kan tàbí méjì ti ń dúró fún ìṣẹ́jú gbọọrọ tí fèrè á sì máa sọ tẹnu rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orin tó jókòó sórí kọ́ọ̀dù kan. Mi ò kàn mọ̀ pé ohun tí mò ń wá kiri nìyẹn.

Ohun méjì wà tí mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ bí mo bá tún bẹ̀rẹ̀. Mo pa blues tì fún ọdún méjì, mo ní bar 12 ti kéré jù, bẹ́ẹ̀ one, four, five ti ìjọ gan-an ni, tí wọ́n kàn fi ìkeje tó rọ̀ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Èkejì, mo pẹ́ jù kí n tó máa gba sólò àwọn àgbà sí etí. Bar mẹ́jọ péré nínú ohun tí Cannonball Adderley fọn sórí alto nínú "So What" gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fi fóònù dín eré rẹ̀ kù, mo kọ́kọ́ fẹnu kọ ọ́, mo sì kọ ọ́ títí mo fi mọ ibi tó ti mí. Ibi tó ti mí yẹn kọ́ mi ju nóòtì rẹ̀ lọ.

Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn alẹ́ àkọ́kọ́ kí n tó padà dìde níbi táwọn olórin ń kóra jọ sí yẹn. Ẹ̀gbọ́n wà lórí béèsì. Atẹdùùrù alẹ́ náà jẹ́ ọmọ Calabar, kò gbọ́ Yorùbá. Wọ́n pe "So What", D Dorian, bar 16. Mo jẹ́ kí bar méjì kọjá ná. Lẹ́yìn náà mo kí gbogbo ilé: F, A, D, D. Mo gbé fèrè kúrò lẹ́nu, mo dúró. Onílù fi igi kan kan ṣíńbálì. Ọ̀gbẹ́ni Calabar gbójú sókè látorí dùùrù, ó wò mí, ó sì dá nóòtì mẹ́rin yẹn padà fún mi bí mo ṣe sọ wọ́n gan-an, pẹ̀lú "káà" tó fà díẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín Ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn mi. Bar 17 dé, gbogbo wa gbéra lọ sórí E♭, mo sì tún kí wọn níbẹ̀: G♭, B♭, E♭, E♭.